Georg Simon Ohm, Olùkọ́ tí ó Wádìí Ọ̀nà Iná

Ta ni nínú wa tí ó ti rin ọ̀nà Akànrán, Làlúpọn tàbí Ẹgbẹ́dá ní alẹ́ tí kò tí ì rí mọ́tò àtijọ́ tí ojú iná rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ kedere, tí èkejì sì ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán? Awakọ̀ kò rí kòtò. Àgbẹ̀ tí ó ru ẹrù bọ̀ láti oko kò mọ̀ bóyá mọ́tò ni ó ń bọ̀ tàbí alùpùpù. Ẹ̀mí ènìyàn ni irú iná bẹ́ẹ̀ fi ń ṣeré. Ohun ìyanu ni pé ẹni tí òfin rẹ̀ ń tú àṣírí àrùn yìí kò fi ojú kan mọ́tò rí títí ó fi kú. Olùkọ́ ilé-ìwé ni, bí àwa náà yóò ti jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Georg Simon Ohm, ìtàn rẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ.

A bí i ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1789, ní ìlú Erlangen ní ilẹ̀ Jámánì. Alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe àgádágodo ni baba rẹ̀, ọmọ aránṣọ sì ni ìyá rẹ̀. Nínú ọmọ méje tí wọ́n bí, mẹ́ta péré ni ó dàgbà, ìyá náà sì kú nígbà tí Georg jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Baba rẹ̀ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò, ó sì jókòó ti Georg àti Martin àbúrò rẹ̀, ó ń kọ́ wọn nílé. Ọgbọ́n ọwọ́ tí Georg bá lágbẹ̀dẹ baba rẹ̀ wúlò fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ọdún 1805 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Erlangen, ṣùgbọ́n ijó àti eré gba àkókò rẹ̀ ju ìwé lọ. Inú bí baba rẹ̀, ó mú un kúrò níbẹ̀, ó sì rán an lọ sí ilẹ̀ Switzerland, níbi tí ó ti di olùkọ́ ìṣirò ní ọdún 1806. Ìbáwí yìí ṣe é lóore. Bí ó ti ń kọ́ni ni ó ń dá kàwé, nígbà tí ó sì di ọdún 1811 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Erlangen kan náà. Lẹ́yìn èyí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kékeré ní Bamberg, kí ó tó lọ sí ilé-ìwé kan ní Cologne ní ọdún 1817.

Ní Cologne ni Ohm ti rí yàrá tí ohun èlò wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà mọ̀ pé iná mànàmáná ń ṣàn nínú wáyà, ṣùgbọ́n òfin tí ó ń tẹ̀ lé kò yé wọn. Ohm mú wáyà onírúurú gígùn, ó so wọ́n mọ́ bátìrì, ó sì ń wo bí abẹ́rẹ́ òòfà ti ń yí. Bátìrì ìgbà náà kò dúró lójú kan; bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni agbára rẹ̀ ń yí padà. Nítorí náà òfin tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1825 kò tọ́. Kò bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Poggendorff gbà á nímọ̀ràn pé kí ó so irin oríṣi méjì pọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ìgbóná àti òtútù mú iná jáde láti inú wọn. Ohm so bàbà mọ́ bismuth, ó fi oríkèé kan sínú ooru omi híhó, ó fi èkejì sínú yìnyín. Iná yìí dúró ṣinṣin. Ó tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, òtítọ́ sì yọ ní ọdún 1826.

Òfin náà kò ṣòro. Bí agbára tí ń ti iná bá pọ̀, iná tí ń ṣàn a pọ̀. Bí ìdènà ojú ọ̀nà bá pọ̀, a dín kù. Ẹ jẹ́ kí a fi wo mọ́tò àtijọ́ wa. Bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ fólítì 6, tí ìdènà gílóòbù sì jẹ́ ohm 1, áńpíà 6 ni yóò ṣàn. Ṣùgbọ́n iná tí ó jáde láti inú bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, ara irin mọ́tò ni ó sì ń gbà padà. Bí ìpáàrà bá jẹ ibi tí àtùpà ti kan irin náà, tí ó fi ìdènà ìlàjì ohm kún un, áńpíà 4 péré ni yóò ṣàn. Fólítì 4 ni yóò dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, 2 yóò sì ṣòfò sórí ìpáàrà. Iná tí ó jẹ́ wáàtì 36 yóò di 16. Ìṣirò yìí kì í ṣe géẹ́, nítorí ìdènà gílóòbù a máa yí padà bí ó bá ti gbóná sí, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà hàn wá. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò ní sáré ra gílóòbù tàbí bátìrì tuntun. Yóò tan iná náà, yóò fi wáyà kan so ara irin àtùpà mọ́ orí bátìrì tí a so mọ́ ara mọ́tò, kì í ṣe orí kejì, kí wáyà má baà jó. Bí iná bá mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà àbọ̀ ni àrùn wà: yóò pa iná, yóò ha ìpáàrà kúrò, yóò sì dè é pinpin. Bí kò bá mọ́lẹ̀, kí ó yẹ ọ̀nà àlọ wò, láti orí fíúsì dé orí gílóòbù.

Ní ọdún 1827 Ohm tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Berlin, ó sì ń retí ipò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á sí. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Cologne sílẹ̀, ó sì fi ọdún púpọ̀ kọ́ni ní ìṣirò fún owó díẹ̀, títí ó fi rí iṣẹ́ ní Nuremberg ní ọdún 1833. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ní ọdún 1841 àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní London fi àmì ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá, ní ọdún 1852 ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich. Kò lo ipò náà ju ọdún méjì lọ. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1854. Ọdún 32 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Karl Benz gba ìwé àṣẹ fún mọ́tò rẹ̀. Ní ọdún 1881 ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris ti fi orúkọ Ohm sọ ìwọ̀n ìdènà iná, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń pè é di òní.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ni a óò rán lọ sí ilé-ìwé kékeré ní abúlé Àkìnyẹlé, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà, a sì lè rò pé ayé ti gbàgbé wa síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí olùkọ́ yìí tí ó ṣàṣìṣe ní gbangba, tí ó sì tún un ṣe ní gbangba, tí ó dúró lórí òtítọ́ nígbà tí kò mú owó wá. Kí Olúwa fún àwa náà ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.