Puyi, Ọba Tí Ó Gorí Ìtẹ́ Lọ́mọdé

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìtàn Puyi, ọba tí ó jẹ kẹ́yìn nínú ìdílé Qing ní ilẹ̀ Ṣáínà, ni a mú wá fún yín. Ọdún 1906 ni wọ́n bí i. Kò tíì pé ọmọ ọdún 3 tí wọ́n fi gbé e gorí ìtẹ́ ní 1908. Ẹkún ni ó ń sun lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ni ó ń bá a ṣe àkóso. Àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ ní 1911, nígbà tí ó sì di February 1912, olorì àgbà, Longyu, kọ oyè náà sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà náà. Báyìí ni ìjọba tí ó gba Beijing láti 1644 ṣe parí.

Wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ààfin, ìránṣẹ́ ń bá a ṣe ohun gbogbo, títí wọ́n fi lé e jáde ní 1924. Àwọn ará Japan fi í jọba ní Manchuria ní 1934, ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Soviet mú un ní 1945, wọ́n sì fà á lé Ṣáínà lọ́wọ́ ní 1950. Inú ẹ̀wọ̀n ni ẹni ọdún 44 ti wá ń kọ́ bí a ṣe ń fọ aṣọ ara ẹni. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1959, ó ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ọ̀gbìn ní Beijing, ó sì kú ní 1967.

Àánú rẹ̀ ṣe wá. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ láti kékeré. Oyè lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe kì í bọ́.