Charles-Augustin Coulomb (1736–1806): Onímọ̀ tí ó Wádìí Bí Òkúta Ṣe Ń Fọ́

Àwọn àgbà Yorùbá gbà pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú kí ògiri lanu? Ẹrù mélòó ni òkúta, bíríkì tàbí kọnkéré lè rù kí ó tó fọ́, ibo ni yóò sì gbà là? Ẹ̀mí gbogbo ẹni tí ń gbé inú ilé ni ó rọ̀ mọ́ ìbéèrè wọ̀nyí. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìṣirò wá ìdáhùn sí wọn ni Charles-Augustin Coulomb, ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Ìlú Angoulême ni a ti bí Coulomb ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 1736. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó di oníṣègùn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ọ̀rọ̀ yìí dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ, Coulomb sì lọ bá bàbá rẹ̀ ní Montpellier. Ní ọdún 1760, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun ní Mézières, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1761.

Ní ọdún 1764, ìjọba rán an lọ sí Martinique, erékùṣù kan ní òkun Karibíánì. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gba erékùṣù náà lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1762 kí wọ́n tó dá a padà. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a gbé lé Coulomb lọ́wọ́ ni kíkọ́ odi agbára tí a ń pè ní Fort Bourbon. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò níbẹ̀. Àìsàn dá a gúnlẹ̀ léraléra, ara rẹ̀ kò sì le dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Síbẹ̀, ibi iṣẹ́ yìí ni ó ti rí i pé ẹni tí ń kọ́ odi kò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ìméfò.

Nígbà tí ó padà sílé, ó ka àbájáde ìwádìí rẹ̀ fún Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ní Páríìsì ní ọdún 1773. A sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1776. Fún ìlò ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ó ti fa òkúta títí ó fi já; ó tún ti apá kan òkúta títí ó fi yọ̀ kúrò lára ìyókù. Ó rí i pé agbára tí ọ̀nà méjèèjì ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Coulomb ṣàlàyé pé ohun méjì ni ó ń mú òkúta dúró. Èkínní ni ìlẹ̀mọ́ra, ìyẹn bí inú òkúta ṣe di ara rẹ̀ mú. Èkejì ni ìdènà tí ojú kan ń ṣe fún èkejì nígbà tí wọ́n bá ń ha ara wọn. Bí ẹrù tí ó tẹ̀ wọ́n bá ṣe ń pọ̀ tó ni ìdènà yìí ń lágbára tó. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún òpó, yóò là ní ìdàgẹ̀rẹ̀, apá òkè yóò sì yọ̀ lórí apá ìsàlẹ̀. Coulomb yẹ gbogbo ojú tí òpó lè gbà là wò, ó sì fi ìṣirò wá èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀mọ́ra nìkan ni ó wà, ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ìbá jẹ́ dígírì 45, òpó ìbá sì ru ìlọ́po méjì agbára ìlẹ̀mọ́ra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún bíríkì tí ìdènà rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́, ìdàgẹ̀rẹ̀ yóò tó dígírì 63, ẹrù tí òpó lè rù yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹni tí kì í fi òtítọ́ ṣòwò ni Coulomb. Ní ọdún 1783, a ní kí ó yẹ ètò odò àgbẹ́lẹ̀ kan wò ní agbègbè Brittany. Ó sọ pé ètò náà kò dára tó. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn aláṣẹ nínú, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, Akadẹ́mì ti gbà á wọlé ní ọdún 1781. Láti ọdún 1785 ni ó sì ti gbé ìwádìí lórí iná mànàmáná jáde, èyí tí ó mú òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Páríìsì ni ó kú sí ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1806.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Ní ọdún 1900, Otto Mohr, ọmọ Jámánì, mú àlàyé Coulomb gbòòrò sí i. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a sì fi ń pe òfin tí àwọn ẹnjiníà ń lò fún ilẹ̀, àpáta àti kọnkéré. Lóòótọ́, òfin náà ń sọ ìgbà tí òkúta yóò fọ́, kò sọ bí agbára rẹ̀ ṣe ń dínkù díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ẹ̀là kéékèèké ti ń pọ̀ nínú rẹ̀. Apá yẹn ni L. M. Kachanov ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà là ọ̀nà sí ní ọdún 1958, nígbà tí ó fi ìṣirò ṣàlàyé bí irin ṣe ń bàjẹ́ lábẹ́ ẹrù. Àwọn mìíràn sì lo ọ̀nà rẹ̀ fún kọnkéré lẹ́yìn náà. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìlẹ̀mọ́ra àti ìdènà tí Coulomb tọ́ka sí ṣì wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ni ni pé kí á mọ ibi tí ògiri yóò gbà lanu kí á tó kó ènìyàn sábẹ́ rẹ̀.