Church Vaughan: Ọmọ ẹrú Amẹ́ríkà tó bá ogun Ìjàyè pàdé nílẹ̀ Yorùbá

Ọmọ ọdún méjìlá péré ni James Churchwill Vaughan nígbà tí Scipio, bàbá rẹ̀, kú lọ́dún 1840 nílùú Camden, ní ìpínlẹ̀ South Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kí bàbá náà tó dákẹ́, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n padà sí Áfíríkà. Ẹrú ni Scipio tẹ́lẹ̀ kó tó gba òmìnira, ìtàn tó sì wà nínú ẹbí náà ni pé ọmọ Yorùbá ni.

Church, bí wọ́n ṣe máa ń pè é, kì í ṣe ẹrú ní tirẹ̀, nítorí pé òmìnira ni Maria, ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú òmìnira wo nìyẹn? Ní South Carolina ìgbà náà, adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, òyìnbó kan sì gbọ́dọ̀ dúró fún un lábẹ́ òfin bí ẹni ń dúró fún ọmọdé. Lọ́dún 1852, Church fi ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Làìbéríà. Nígbà tó di 1855, ó tẹ̀lé àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà wá sílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń bá wọn ṣe.

Ìjàyè ló fìdí kalẹ̀ sí, lábẹ́ Ààrẹ Kúrunmí. Kò pẹ́ ni wàhálà dé. Ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì mú Church lẹ́rú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí ná: ẹni tó sá kúrò nílẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ènìyàn, ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ní kó padà sí gan-an ni okùn ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Orí bá a ṣe é, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà tó padà dé Ìjàyè, ó gbé ìbọn, ó sì bá àwọn ará ìlú jà.

Ìjàyè fọ́ lọ́dún 1862. Church bá àwọn tó ń sá àsálà lọ sí Abẹ́òkúta, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé míṣọ́ọ̀nù, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ó di dandan kí Church náà forí lé Èkó.

Èkó yìí ni ilé ayé ti wá tù ú lára. Ó fẹ́ Sarah Ọmọ́táyọ̀, wọ́n bímọ. Láti orí iṣẹ́ káfíńtà, ó bọ́ sínú òwò ohun èlò ìkọ́lé, owó sì wọlé dáadáa. Àmọ́ kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe adúláwọ̀ níbi tó ti wá. Lọ́dún 1888, òyìnbó oníwàásù ará Amẹ́ríkà, W. J. David, lé Moses Ládéjọ Stone kúrò nípò olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Onítẹ̀bọmi l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ fi ibẹ̀ sílẹ̀, Church wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí táa mọ̀ sí Ebenezer. Ọdún 1893 ló dolóògbé.

Dókítà J. C. Vaughan, ọmọ ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Èkó, Lagos Youth Movement, sílẹ̀ lọ́dún 1934. Aida Arabella, láti ìran Church, ló bí Kofoworọlá Adémọ́lá, tó gboyè jáde ní Yunifásítì Oxford lọ́dún 1935. Lẹ́tà kò dáwọ́ dúró láàrin àwọn ti Èkó àti àwọn ẹbí tó kù l'Amẹ́ríkà. Àwọn tọ̀hún náà ní Aida Arabella tiwọn. Òun ló bí Jewel Lafontant, agbẹjọ́rò obìnrin adúláwọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe igbákejì agbẹjọ́rò àgbà wọn ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ lọ́dún 1973.