Ferrary àti sítáǹbù ayé

Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, ẹ gbọ́ ìtàn Philipp von Ferrary. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1850, ṣùgbọ́n ó gba ìwé ọmọ ìlú Austria. Owó ogún bàbá rẹ̀ ló fi ra sítáǹbù àtijọ́ láti orílẹ̀-èdè gbogbo. Ti British Guiana ọdún 1856, tó ku ẹyọ kan ṣoṣo láyé, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún Berlin. Ogun dé, ó sá kúrò ní Paris, ó kú sí Switzerland ní 1917. Ìjọba Faransé gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà bí ohun ìní ọ̀tá, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo láti 1921. Ìlú tí wọ́n bí i sí ló pè é ní ọ̀tá. Ẹ tọ́jú ìwé yín. Kí ẹ sì ní ilé sílé.