Mbaye Diagne: Ṣọ́jà tí kò gbé ìbọn, tó gba ọ̀pọ̀ èèyàn là ní Rùwáńdà

Bí wọ́n bá dárúkọ ṣọ́jà tó kú nítorí ẹlòmíì, Adékúnlé Fájuyì ni ọ̀pọ̀ ará Oǹdó àti Èkìtì máa ń kọ́kọ́ rántí. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan náà wà tó yẹ kí wọ́n máa rántí: Kápútéènì Mbaye Diagne.

Coki, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1958. Ó kàwé ní Yunifásítì Dakar kó tó wọṣẹ́ ológun. Lọ́dún 1993 ni wọ́n rán an lọ sí Rùwáńdà láti máa wò bóyá ìjọba àtàwọn ọlọ̀tẹ̀ ń pa àdéhùn àlàáfíà mọ́. Nígbà tó yá, ó di òṣìṣẹ́ àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé níbẹ̀. Irú ṣọ́jà bẹ́ẹ̀ kì í gbé ìbọn. Kó wò, kó sì jábọ̀, ó tán.

Lálẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, 1994, wọ́n yìnbọn já bàálù Ààrẹ Habyarimana lulẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ṣọ́jà pa Agathe Uwilingiyimana, obìnrin tó jẹ́ olórí ìjọba, àti ṣọ́jà Bẹ́ljíọ̀m mẹ́wàá tó wá ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ sá pamọ́ sí tòsí. Diagne ló fi mọ́tò kó wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Mille Collines.

Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yìí o. Àṣẹ tó wà nílẹ̀ ni pé kí àwọn bíi tiẹ̀ má dá sí i. Ọ̀gá rẹ̀, Roméo Dallaire, ọmọ Kánádà, gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dá a dúró.

Ẹni tó ń wọkọ̀ láti Ìjù lọ sí Àkúrẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà. Ti Kigali kì í ṣeré rárá. Àwọn Interahamwe ló dí ọ̀nà, wọ́n mú àdá lọ́wọ́, káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tí wọ́n bá kọ Tutsi sí tiẹ̀, pípa ni. Èèyàn díẹ̀ ni mọ́tò Diagne ń gbà lẹ́ẹ̀kan, torí náà àlọ àbọ̀ rẹ̀ kò lóǹkà. Sìgá, owó àti ẹ̀fẹ̀ ló fi ń kọjá.

Lọ́jọ́ kan, òun àti Mark Doyle, oníròyìn BBC, jọ wà nínú mọ́tò. Jàǹdùkú kan na àdó olóró wọlé lójú fèrèsé, ó ń bèèrè bóyá ará Bẹ́ljíọ̀m ni òyìnbó yẹn. Ikú ni ì bá jẹ́. Diagne ní òun gan-an ni ará Bẹ́ljíọ̀m, pé Bẹ́ljíọ̀m dúdú ni òun. Inú tó ti le rọ̀, ìgbà náà ló wá ṣàlàyé pé oníròyìn ni Doyle.

Lọ́jọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ó ń mú iṣẹ́ kan tí olórí ológun ìjọba rán sí Dallaire bọ̀. Ó dúró níbi àyẹ̀wò, àdó olóró bú lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, irin sì bà á lórí. Ọmọ ọdún 36 ni, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó padà sílé bá ìyàwó àtọmọ méjì. Kò sí àpò tí wọ́n fi ń gbé òkú nílẹ̀, tápólì UNICEF ni wọ́n fi wé e.

Àwọn kan ka àwọn tó gbà là sí 600, àwọn míì ní wọ́n tó 1,000. Lọ́dún 2014, Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àjọ kan náà tó ní kó má dá sí i, fi orúkọ rẹ̀ dá àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà sílẹ̀. Ọdún 2016 ni opó rẹ̀ gba àkọ́kọ́ ní New York.