Dáódù Ransome-Kútì: Ọ̀gá Wa Tó Fi Kálàmù Jà

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ẹnì kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà àtijọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kú láti 1955, púpọ̀ nínú wa ni kò sì tíì dáyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ẹnu géètì Ijebu-Ode Grammar School kọjá rí, á ti gbọ́ orúkọ Rev. I. O. Ransome-Kútì.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìdí tí mo fi mú un. Nígbà tá a wọ SS1, tí wọ́n pín wa sí Science, Commercial àti Arts, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa àwa ọmọ Arts. Wọ́n ní ìṣirò ló lé wa dé ibẹ̀. Mo gbé ìtìjú yẹn lọ sí Poli. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká kọ wá níbẹ̀, mo kọ ojú ewé mẹ́jọ, mo rò pé mo ti pa á. Nígbà tí olùkọ́ dá a padà, yíǹkì pupa ti bò ó bí ẹni da epo sí i. Ohun tó rí sí i kò ju mẹ́ta lọ: mo ń sọ̀rọ̀ láìsọ ibi tí mo ti rí i, mo ń kó ohun márùn-ún sínú ìpínrọ̀ kan, mo sì ń pariwo níbi tó yẹ kí n ti ṣàlàyé. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn èèyàn wa tó ti kọ́ irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa, bí mo ṣe bá Dáódù pàdé nìyẹn.

Israel Olúdọ̀tun ni wọ́n sọ ọ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1891. Bàbá rẹ̀, Canon Josiah Jesse Ransome-Kútì, àlùfáà ni, ó sì mọ orin ìsìn kọ ní èdè wa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Nítorí náà, ilé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni ọmọ yìí ti jáde. Nígbà tí Abeokuta Grammar School ṣí ilẹ̀kùn ní 1908, òun ni orúkọ rẹ̀ ṣe èkíní nínú ìwé orúkọ. Ní 1913 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Freetown, ó lọ sí Fourah Bay College.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn CMS ló dá Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Láti 1876 ni wọ́n ti so ó mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Dáódù wà níbẹ̀, ibi díẹ̀ gan-an ló wà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ti lè gba digirí láìdé ìlú òyìnbó. Kí ni wọ́n ń kọ́? Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà tàbí bí wọ́n ṣe ń po oògùn. Látìn ni, Gíríìkì ni, ìtàn ayé àtijọ́ àti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín pé kí ni ọmọ Ẹ̀gbá fẹ́ fi Látìn ṣe. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹni tó bá ń yí gbólóhùn Látìn kan padà, ó di dandan kó mọ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ìgbà tí wọ́n ṣe é, kó sì wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu gẹ́lẹ́. Kò sí àyè fún gbàǹgbà-gbangba. Ohun tó tún le ni pé ọwọ́ Durham ni ìdánwò wà. Ẹni tó máa pinnu bóyá o yege kò mọ bàbá rẹ, kò gbọ́ ohùn rẹ, kò rí i pé o wọṣọ dáadáa. Ìwé tó o kọ nìkan ló máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ó parí níbẹ̀ ní 1916, ó gba B.A., ó padà sí Èkó, ó kọ́ni ní CMS Grammar School.

Ní 1918 ni wọ́n ní kó wá ṣe ọ̀gá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ọdún 27 péré ni! Ọdún márùn-ún ni ilé ẹ̀kọ́ wa náà nígbà yẹn, torí 1913 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọdún 1892 ni òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ìlú tí kò gba àlùfáà láyè tẹ́lẹ̀ ló wá ń fi owó òwò rán ọmọ lọ sílé ìwé báyìí. Ọ̀pọ̀ bàbá wa fẹ́ akọ̀wé tó máa ṣírò owó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣòro láti sọ fún oníṣòwò Ọjà Òkè pé kí ọmọ rẹ̀ jókòó ti ìtàn àti àròkọ. Síbẹ̀ ìdánwò Cambridge ló wà níwájú àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìgbà náà, inú ọkọ̀ ojú omi sì ni ìwé ìdáhùn ń bá lọ sí òkè òkun. Ọmọ tó ń sọ Ìjẹ̀bú nílé ní láti kọ Gẹ̀ẹ́sì tí àlejò lè lóye láìbi í léèrè. Ohun tí Dáódù fúnra rẹ̀ là kọjá ní Freetown ló wá ń mú àwọn ọmọ wa là kọjá.

Ìlú wa yìí ló ti kọ́ ilé ayé rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1925 ló fẹ́ Fúnmiláyọ̀, ìyàwó tó ti kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Olíkóyè ní 1927, ẹni tó di mínísítà ètò ìlera láti 1985. Fẹlá àti Bẹ́kọ̀ ò tíì dé nígbà yẹn, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí tiwọn sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín.

Ní 1926 ó kó àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn ará Èkó náà ti ní tiwọn láti 1925. Ní oṣù Keje 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé ti dojú dé tí ìjọba ń dín owó kù, wọ́n para pọ̀ di Nigeria Union of Teachers, wọ́n sì fi Ransome-Kútì ṣe ààrẹ. Ó wà níbẹ̀ títí di 1954. Ọdún mẹ́tàlélógún! Kí ni wọ́n fi jà? Wọn ò ní ìbọn, wọn ò sì ní owó. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọ kì í gba owó tó tó ti olùkọ́ ìjọba, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi jà, àkọsílẹ̀ ìpàdé, lẹ́tà tó ní ẹ̀rí nínú. Òyìnbó tó bá fẹ́ dáhùn irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, á jókòó kó tó dáhùn.

Ó kúrò lọ́dọ̀ wa ní 1932, ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde ní Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni orúkọ Dáódù ti wá mọ́ ọn lára. Pàṣán rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ká sọ òótọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni màá gbè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó kàwé níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, sọ nínú ìwé Aké tó jáde ní 1981 pé Dáódù máa ń jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ rojọ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ọ̀rọ̀ tò dáadáa lè gba ara rẹ̀ là. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ wa ló fún wa láyè bẹ́ẹ̀? (Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọ̀gá.)

Ohun tó tóbi jù ló kù. Yaba Higher College ti ń ṣiṣẹ́ láti àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n kì í fúnni ní digirí yunifásítì, iṣẹ́ bíi dókítà olùrànlọ́wọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì gbájú mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ B.A., Freetown ni tàbí òkè òkun, tàbí kó máa fi lẹ́tà kàwé nílé. Ní 1943 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, Walter Elliot ni alága, láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Korsah láti Gold Coast, Taylor-Cummings láti Sierra Leone, àti Ransome-Kútì tiwa. Nígbà tí wọ́n máa jábọ̀ ní 1945, ẹnu wọn ò kò. Apá kan, tí Julian Huxley àti Creech Jones wà nínú wọn, ní yunifásítì kan ṣoṣo ní Ìbàdàn ti tó, kí àwọn tó kù máa pèsè ọmọ síbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ digirí máa kúrò ní Fourah Bay, ilé tó ti sọ Dáódù di èèyàn. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí ó jẹ́ mẹ́ta: Ìbàdàn, Achimota àti Fourah Bay. Àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fọwọ́ sí ti mẹ́ta yìí.

Mo máa ń ronú lórí èyí. Ọmọ Nàìjíríà ni, Ìbàdàn kò sì jìnnà sí Abẹ́òkúta. Tó bá fọwọ́ sí ti ẹyọ kan, Nàìjíríà ni ì bá jẹ gbogbo ẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìjọba Lábọ̀ tó dé ní 1945 kọ́kọ́ tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó kéré, torí Creech Jones fúnra rẹ̀ ti wà ní ọ́fíìsì àwọn ilẹ̀ amúnisìn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Gold Coast kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn máa fi owó kòkó kọ́ tiwọn. Nígbà tó fi di 1948, kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Gold Coast, Fourah Bay sì ń bá iṣẹ́ Durham lọ. Ọmọ 104 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Arts sì wà pẹ̀lú Science àti Medicine láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn, èdè tàbí ẹ̀sìn ní Ìbàdàn, tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, ẹ mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ti wá.

Dáódù fẹ̀yìn tì ní 1954. Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á, ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1955, ó ku ọjọ́ 24 kó pé ọmọ ọdún 64.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ wa láàárín 1918 sí 1932, kó jọ̀ọ́ wo inú àpótí. Tó bá rí ìwé àròkọ, fọ́tò tàbí lẹ́tà ìgbà náà, kó mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ àpéjọ. A máa ya ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá a padà lójú ẹsẹ̀.