Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Ìyálóde tí ìwé eré sọ di ọ̀dájú

Ẹ ní kí Yorùbá mẹ́wàá dárúkọ ìkà èèyàn kan nínú ìwé, ó dá mi lójú pé mẹ́sàn-án á ní Ẹfúnṣetán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánò o, ẹ̀yin ti Jọ́ọ̀sì o, bí ẹ bá ti ka Yorùbá nílé ìwé girama, ẹ mọ̀ ọ́n. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970, ló gbé e dé ibẹ̀. Nínú eré yẹn, Ìyálóde ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan ò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù wá lóyún fún Ìtáwuyì, ni wọ́n bá pa á. Ta ló ka ibẹ̀ tí ara rẹ̀ ò bù máṣọ?

Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbáyé lóòótọ́ o. Ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ni. Àlejò ló jẹ́ n'Ìbàdàn, bí àwa náà ṣe jẹ́ àlejò níbi tá a wà yìí, òwò ló sì sọ ọ́ dẹni ńlá títí wọ́n fi fi jẹ Ìyálóde. Ó ní oko ńláńlá, ẹrú kún inú wọn. Ó tún ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fáwọn olórí ogun, àwìn ni wọ́n sì máa ń rà á. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti tajà láwìn fẹ́ni tí agbára rẹ̀ ju tiẹ̀ lọ rí á mọ ohun tí mò ń wí: láti sin owó náà, wàhálà, láti fi sílẹ̀, gbèsè.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní nǹkan bí 1860. Wọ́n ní àtìgbà yẹn ni kò ti fẹ́ rí aboyún láàárín ẹrú rẹ̀ mọ́. Ìkà ni, mi ò ní gbè é níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìjòyè wo n'Ìbàdàn ìgbà náà ni kò kó ẹrú?

Nínú eré, Ààrẹ Látòósà ló gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé májèlé jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní oṣù karùn-ún 1874 ni Látòósà yọ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn tó kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì wá pàdé òun nígbà tóun ń bọ̀. Ó sanwó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, Ààrẹ kọ̀. Wọ́n wá fowó fa ojú Kúmúyìlọ mọ́ra, ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́. Lóru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ẹrú méjì nínú ilé gba orí àjà wọlé bá a lórí ibùsùn, wọ́n fọ́ ọ lórí.

Àwọn èèyàn rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ò gbà, wọ́n ní kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ẹrú yẹn nìkan ni wọ́n pa. Látòósà wà lórí oyè títí ó fi kú ní ibùdó ogun Kírìjì ní 1885.

Wọ́n ti gbé ère Ìyálóde sí oríta Challenge n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún, tí mọ́tò yín bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ fi í han àwọn ọmọ.